Oògùn Èèwọ̀ Lórí Pápá: Asáré Nìkan Ha Ni Ẹlẹ́bi Bí?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ní ìlú Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọbìnrin kan tí a bí ní Iléṣà sáré ìje 100 mítà ní Eré Ìdárayá Commonwealth, wọ́n sì fi wúrà kọ́ ọ lọ́rùn. Oludamola Osayomi ni orúkọ rẹ̀. Sally Pearson, ará Ọsirélíà, ni ó kọ́kọ́ fi àyà gba òpin eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó ti gbéra kí ìbọn tó dún. Ni ipò kìíní bá bọ́ sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́. Ayọ̀ náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá oògùn kan tí ń jẹ́ methylhexaneamine nínú rẹ̀, oògùn tí ń mú kí ọkàn máa lù kíkan, kí ara sì jí pépé. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ apoògùn kan ní Amẹ́ríkà a máa tà á fún ẹni tí imú rẹ̀ dí. Wọ́n gba wúrà náà padà, wọ́n gbé e fún Natasha Mayers, ọmọ erékùṣù St. Vincent.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà nínú ìtàn yìí, èyí tí àwọn tí ń sọ ti Delhi kì í sábà rántí. Ní ọdún 2008, ní Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, Osayomi yìí kan náà wà nínú àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n gba idẹ ní Òlímpíìkì nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ará Rọ́ṣíà ni ó gba wúrà. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní ọdún 2016, Ìgbìmọ̀ Òlímpíìkì gbé ìtọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti fi pamọ́ jáde, wọ́n fi ọgbọ́n àyẹ̀wò titun tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Rọ́ṣíà náà lo oògùn. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún Belgium, idẹ tiwa sì di fàdákà. Irú òfin tí ó gba wúrà lọ́wọ́ ọmọ Iléṣà ní Delhi náà ni ó sọ idẹ rẹ̀ di fàdákà.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ni òwò òṣómàálò. Àwọn bàbá wa ìgbàanì a máa di aṣọ rù lọ sí ìlú òkèèrè, wọn a gbé e fún oníbàárà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajẹgbèsè, wọn kì í sì í dìde títí a ó fi ka owó náà lé wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin oògùn èèwọ̀ ti rí lóde òní. Ọdún mẹ́wàá ni ó lè fi lóṣòó de ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. A kò bá a jà lórí èyí rárá. Àwọn ọmọbìnrin Brazil tí wọ́n ṣe ipò kẹrin ní Beijing, tí wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo, ní ẹ̀tọ́ sí idẹ tí wọ́n gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù àti ijó ọjọ́ náà kò lè padà wá mọ́. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni òṣómàálò yìí mọ̀. Ẹnu ọ̀nà asáré ni. Ilé ẹni tí ó gún un ní abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ilé olùkọ́ eré rẹ̀ ńkọ́? Ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣọ́ ọ ńkọ́? Níbẹ̀ ó ń kọjá lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí ènìyàn nínú ilé.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, ó yẹ kí á ṣàlàyé bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀yin olùkọ́ ni àwọn ọmọ yóò bi. Nínú eré ìje ọ̀nà jíjìn ni ọ̀ràn náà ti le jù lọ báyìí. Máratọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 ó lé díẹ̀. Ó jù láti Òṣogbo dé Iléṣà lọ dáadáa. Ẹni tí yóò sáré irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìdúró, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ó fi ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń sáré. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé atẹ́gùn tí a mí láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí inú iṣan. Kíndìnrín ni ó ń pèsè ohun tí ń pàṣẹ fún ara pé kí ó dá èròjà pupa sí i. Irú ohun náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe sínú ìgò tí wọ́n pè ní EPO, nítorí àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Asáré tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wá ń gún oògùn aláìsàn mọ́ra: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki, á sì lè sáré pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ki jù lè dì nínú iṣan, ó sì lè pa olówó rẹ̀.

EPO kì í pẹ́ nínú ara. Nítorí náà ni àwọn aláyẹ̀wò kò ṣe dúró de oògùn fúnra rẹ̀ nìkan mọ́. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ fún asáré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá yí padà lọ́nà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í fúnra rẹ̀ gbà yí padà, ẹ̀sùn dé nìyẹn. Àjọ tí ń ṣe èyí ni AIU, tí World Athletics dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Monaco.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Nígbà tí wọ́n sáré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2016, Abraham Kiptum, ará Kenya, ni ó gba á. Ó tún gba á ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ó sáré ìdajì máratọ́ọ̀nù ní Valencia ní ilẹ̀ Spéènì ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18, kò sì sí ẹni tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí eré London ku ọjọ́ díẹ̀ tí ó fẹ́ bá wọn sá, wọ́n dá a dúró. Ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó tú u fó. Wọ́n fi òfin dè é fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fagi lé gbogbo ohun tí ó ṣe láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ náà. Ohun tí ó gbà ní Èkó ti ṣáájú rẹ̀, nítorí náà wọn kò fọwọ́ kàn án. Àwọn kan lè bínú sí èyí, ṣùgbọ́n àwa gbà pé ó tọ́. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tí ó bá ń fi ìfura dájọ́ kò ní í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ aláìṣẹ̀.

Ẹlòmíràn tún ni Wilson Kipsang, tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ẹni tí ó yára jù lọ láyé nínú máratọ́ọ̀nù. Òfin àjọ náà ni pé asáré tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé wọn gbọ́dọ̀ dá wákàtí kan lójúmọ́, láàrin aago márùn-ún òwúrọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́, kí ó sì sọ ibi tí wọn yóò ti bá òun nínú wákàtí náà. Bí wọ́n bá wá a tì lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù méjìlá, wọ́n lè fi òfin dè é fún ọdún méjì, bí wọn kò tilẹ̀ bá oògùn kankan lára rẹ̀. Wọ́n wá Kipsang, wọn kò bá a. Ó gbé àwòrán ọkọ̀ ẹrù kan tí ó dojú dé wá, ó ní ọkọ̀ náà ni ó dínà mọ́ òun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé oṣù Kẹjọ ni ọkọ̀ náà dojú dé. Gbogbo àwáwí tí ẹ̀yin olùkọ́ ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ìwé, a rò pé kò sí èyí tí ó tó eléyìí. Ìtànjẹ yìí pẹ̀lú ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, ni ó bá di ọdún mẹ́rin.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni ti Ruth Chepngetich. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ní Chicago, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó sáré máratọ́ọ̀nù ní wákàtí tí kò pé méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56 ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 wọ́n bá hydrochlorothiazide nínú ìtọ̀ rẹ̀. Oògùn àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni, ó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀. Àwọn mìíràn a sì máa lò ó láti fi ṣan àmì oògùn mìíràn dànù. Òṣùwọ̀n tí òfin fojú fò ni 20. Tirẹ̀ jẹ́ 3,800. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní òun kò mọ bí ó ti dé inú òun. Nígbà tí ó yá, ó ní oògùn ọmọ-ọ̀dọ̀ òun ni òun lò nígbà tí ara òun kò yá. Àgbà obìnrin tí ó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó wá rí gbé ẹrù lé lórí! Àjọ náà kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní kíákíá, wọ́n bu ọdún kan kúrò nínú mẹ́rin, wọ́n sì fi òfin dè é fún ọdún mẹ́ta ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ohun tí ó ṣe ní Chicago dúró, nítorí pé ó ti ṣáájú àyẹ̀wò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń fi Kenya ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba Kenya, nígbà tí ìtìjú náà pọ̀ jù, ṣèlérí ní ọdún 2022 láti máa ná mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ́dún fún ọdún márùn-ún láti gbógun ti oògùn èèwọ̀. Kí ni Nàìjíríà ṣe?

Ní oṣù Keje ọdún 2021, Òlímpíìkì Tokyo ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2020 nínú ìsọ̀rí àwọn orílẹ̀-èdè tí World Athletics kà sí ẹni tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ jù lọ, nítorí pé àyẹ̀wò abẹ́lé rẹ̀ kò lágbára. Òfin ìsọ̀rí náà ni pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a yẹ asáré kọ̀ọ̀kan wò láìròtẹ́lẹ̀ láàrin oṣù mẹ́wàá tí ó ṣáájú eré, kí àyẹ̀wò kan sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jìnnà sí èkejì. Àwọn aláṣẹ eré ìje orílẹ̀-èdè ni òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, kì í ṣe asáré. Ìgbà tí àwọn ọmọ dé Tokyo ni wọ́n tó gbọ́ pé ẹni 18 ní gbogbo ayé ni kò pé òṣùwọ̀n náà, àti pé 10 nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. A kò fi ẹ̀sùn oògùn kan ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi ń jí lóru láti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n gbé pátákó káàkiri ní Tokyo láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn oníròyìn ayé sì ya àwòrán wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Annette Echikunwoke, tí ń ju òòlù onírin, kó lọ bá Amẹ́ríkà. Ní Paris ní ọdún 2024 ó gba fàdákà fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ní Tokyo ni wọ́n dá Blessing Okagbare dúró. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi aláṣẹ. Oògùn ni wọ́n bá lára rẹ̀, ó ju ẹyọ kan lọ, EPO sì wà nínú rẹ̀. Ó ti borí nínú eré àkọ́kọ́ kí ìròyìn tó dé. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 wọ́n fi òfin dè é fún ọdún mẹ́wàá, márùn-ún nítorí oògùn, márùn-ún nítorí pé ó kọ̀ láti ran ìwádìí lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, wọ́n fi ọdún kan lé e. Ẹ̀bi rẹ̀ hàn, a kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún un ní oògùn? Eric Lira ni, ará El Paso ní Texas, tí ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ara. Àwọn Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan ní ìparí ọdún 2020, tí wọ́n lè fi mú ẹni tí ń pèsè oògùn fún asáré. Lira ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá òfin náà pàdé. Ó jẹ́wọ́ ní ọdún 2023. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá fún ẹni tí ó gba oògùn, oṣù mẹ́ta fún ẹni tí ó gbé e wá. Síbẹ̀ Amẹ́ríkà gbìyànjú: bí kì í bá ṣe ti òfin náà, oṣù mẹ́ta yìí pàápàá kì bá tí sí.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń jìyà ohun tí wọn kò ṣe. Ní Birmingham ní ọdún 2022, àwọn ọmọbìnrin wa mẹ́rin gba wúrà nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin. Wọ́n bá oògùn èèwọ̀ lára ọ̀kan, wúrà àwọn mẹ́ta yòókù bá a lọ. Tobi Amusan wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ̀sùn kan òun náà pé wọ́n wá a tì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ dá a láre ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 nígbà tí eré àgbáyé ní Budapest ku ọjọ́ díẹ̀, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá tí ó wà ní Lausanne sì tún fi ọwọ́ sí ìdáláre náà ní ọdún 2024. Fún nǹkan bí ọdún kan, ẹni tí ó yára jù lọ láyé nínú eré ìje aláfòdá 100 mítà ti obìnrin fi ẹjọ́ sọ́rùn sáré.

Ní ilé wa ńkọ́? Òṣogbo ni a bí Olapade Adeniken sí, ẹni tí ó wà nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní ọdún 1992. Kò sí ìdí tí irú rẹ̀ kò fi lè wà nínú kíláàsì yín lónìí. Ọmọ náà yóò sáré ní ọjọ́ eré ilé-ìwé, ẹsẹ̀ yóò dùn ún, ẹnì kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sì lọ ra oògùn fún un lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò ka ìwé oògùn rí. Tramadol, tí àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn alágbàṣe ti fi ba ara wọn jẹ́ ní ìlú wa, ti wà nínú oògùn èèwọ̀ ọjọ́ eré láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Oògùn ikọ́, oògùn imú dídí, àgbo inú ìgò tí kò ní orúkọ, ìyẹ̀fun amárale láti òkè òkun: òfin kò ní béèrè bí ọmọ náà bá mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ohun tí ó bá ti wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé àṣẹ fún oògùn rẹ̀, bí dókítà bá kọ̀wé fún un kí eré tó dé. A kò rò pé olùkọ́ eré ìdárayá mẹ́wàá ni ó mọ èyí ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀bi wọn kò sì ni, nítorí pé ta ni ó kọ́ wọn?

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí asáré bá gba wúrà, aṣọ ẹgbẹ́ ni a fi ń pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Olóṣèlú á bá a ya àwòrán, á ṣèlérí ilé àti ilẹ̀. Bí òfin bá dè é, ọ̀nà ilé rẹ̀ á di ìgbẹ́. Àwọn tí ẹ dìbò fún ni ó ń yan kọmíṣánnà eré ìdárayá. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti yẹ àwọn asáré wa wò kí wọ́n tó kúrò nílé, nígbà tí Nàìjíríà kò ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ tí ayé fọwọ́ sí. Ẹ bi àwọn aṣòfin ní Àbújá bóyá òfin wà tí a lè fi mú irú Lira bí ó bá ń gbé ní Ìgbọ̀nà tàbí ní Òkè-Bàálẹ̀. Kí ẹ sì béèrè pé bí ẹni mẹ́wàá mìíràn bá tún padà wálé láìsáré nítorí pé ẹnì kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọdún mélòó ni a ó fi òfin dè é ní ọ́fíìsì.

Bí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí lóhùn lórí oògùn tí asáré lè lò àti èyí tí kò lè lò, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́mbà tẹlifóònù ọ́fíìsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí lọ́fẹ̀ẹ́, kí gbogbo ilé-ìwé lè gé e mọ́ ara ògiri.